Ọ̀rá Tí Wọ́n Fi Ìko Dì

Òórùn ìtọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Kì í ṣe ìwé tí a kà, kì í ṣe ìdánwò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú, bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ní Abẹ́òkúta. Nínú gbogbo rẹ̀, òórùn ìtọ̀ tó ti pẹ́ lórí símẹ́ńtì, tí wọ́n wá da bílíìsì lé lórí, ló ṣì wà nímú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iṣẹ́ náà. Òun ni mò ń jẹ títí di òní. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé kò rí mi lára, irọ́ ni. Mo sì ti pa irọ́ kan rí nítorí pé nǹkan máa ń rí mi lára. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Ẹgbẹ́ àsàlátù mọ́ṣáláṣí wa ló rán mi lọ. Ìtòkú ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń di àdìrẹ oníko, bàbá mi ń tà á, ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ di kálàmù mú, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn mùsùlùmí dá sílẹ̀ ni mo sì ti parí girama. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, inú ẹ̀sìn ni wọ́n ti fi lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó di pé àwọn ọmọ àdúgbò, ọmọ ẹni tí a mọ bàbá rẹ̀ tí a mọ ìyá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí ìdúró ní ọ̀sán gangan, tí itọ́ ń ṣàn láti ẹnu wọn sí àyà, àwọn ìyá jókòó lẹ́yìn àsàlátù lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan. Wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ wa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú èyí. Wọ́n wò yíká, wọ́n rí mi. Mi ò tíì lọ́kọ, mo mọ̀wé, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún àgbà. Wọ́n ṣàdúà fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni irú ẹni tí wọ́n rán. Èmi tí mi ò lè mu omi nínú ife tí ẹlòmíràn ti fẹnu kàn. Èmi tí mo máa ń jáde nílé bí wọ́n bá ń pa ẹran Iléyá, tí mi ò ní padà títí wọn yóò fi fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìyá mi a máa ní ọba ló yẹ kí n fẹ́, kí n lè rí ẹrú tí yóò máa bá mi fọwọ́ kan nǹkan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a wọ kíláàsì, olùkọ́ wa kò kọ nǹkan kan sójú pátákó. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó kó ìgò márùn-ún jáde nínú báàgì, ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a máa gbé wọn yí ká kí olúkúlùkù gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní síkúchì. Ẹni tó bá rí i lókèèrè yóò rò pé sóbò ni, nítorí ó pọ́n, ó sì dùn ún wò. Sóbò náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti rẹ igbó sínú rẹ̀, wọ́n ti lọ tíramádọ̀ sí i, wọ́n ti da oògùn ikọ́ oníkodíìnì lé e. Nígbà tí ìgò náà kàn mí, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ti mu sóbò náà kí n tó dé, tó sì bì í padà sínú ìgò. Mo fi ìbòrí mi dí imú. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó rí, tí lílọ bíbọ̀ ojoojúmọ́ ti sú, bi mí bóyá tùràrí ni mo rò pé wọ́n fẹ́ kọ́ wa. Olùkọ́ gbọ́. Ó ní ẹni tí òórùn yìí bá ti pọ̀ jù fún kó tètè sọ, ó ní àwọn tó ń ta lọ́fínńdà wà ní Ìtòkú, wọ́n ń wá ọmọọṣẹ́. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ka Bísímílà nínú ọkàn mi, mo gbé imú sẹ́nu ìgò náà. Lẹ́yìn náà mo jáde lọ bì.

Ọdún àkọ́kọ́ kọjá. A kọ́ nípa ọpọlọ, a kọ́ nípa ẹbí, a kọ́ bí ènìyàn ṣe ń dákẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè sọ ọ́ dé ìdí. Mo gbádùn èyíinì. Kò sí òórùn nínú ìwé.

Ní ọdún kejì ni wọ́n pín wa sí ibi tí a ó ti ṣe ìdánrawò. Ilé ìtọ́jú kékeré kan lápá Kemta ni wọ́n fi èmi àti ọkùnrin ará Èkó yẹn sí, lábẹ́ olùkọ́ náà fúnra rẹ̀. Yàrá mẹ́ta ni, àti ilé ìtọ̀ kan lẹ́yìn. Àwọn aláìsàn kì í sùn síbẹ̀. Láti ilé wọn ni wọ́n ti ń wá. Sátidé ni ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní òun ti jáwọ́, wọ́n á fún un ní ike kékeré kan, yóò tọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á ki bébà àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ náà, bébà ni yóò sì sọ òtítọ́. Ó mọ́, tàbí kò mọ́. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ìlànà kan wà tí olùkọ́ wa kì í fi ṣeré. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wọ ilé ìtọ̀, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ìtọ̀ náà bó ṣe ń kúrò lára tó ń bọ́ sínú ike. Kì í ṣe láti ẹnu ilẹ̀kùn, kì í ṣe láti ẹ̀yìn aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ẹni náà yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti tẹ̀ síbẹ̀: Mo fi ojú mi rí i. Nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni obìnrin nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́, ìtọ̀ àwọn obìnrin di tèmi.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Oníko ni, bíi ti ìyá mi; aró ti pa gbogbo èékánná rẹ̀ dúdú. Yàrá kan ló gbà ní Ìtòkú, kò jìnnà sí ilé wa. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Oògùn ikọ́ ló kọ́kọ́ ń mu nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún lórí ìjókòó, nígbà tó yá ó di síkúchì. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìkòkò kaná, ó mu síkúchì, ó sùn lọ. Iná ran aṣọ, ó sì kù díẹ̀ kó ran ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá mú ọmọ náà lọ sí Kemta lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí àwọn ẹbí wá ṣèpàdé pẹ̀lú olùkọ́ wa. Ìyá ọkọ náà kì í ṣe òṣìkà. Ó ní òun kò fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè gbé ọmọ fún iná. Ó na ìka mẹ́ta sókè. Ó ní bí ìtọ̀ rẹ̀ bá mọ́ ní Sátidé mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, tí ilé ìtọ́jú sì fọwọ́ sí i, kó wá mú ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà wo ìka mẹ́ta yẹn bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ. Ó ní òun gbà.

Ilé ìtọ̀ náà kéré débi pé bí ènìyàn méjì bá wọ ibẹ̀, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà, bí o bá gbé ẹsẹ̀ yóò dún. Ara ògiri ti pọ́n rúsúrúsú níbi tí àwọn tí ara wọn ń gbọ̀n ti tọ̀ sí. Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì lé ara wọn, mo fi ìbòrí so imú. Ará Èkó rí mi, ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Nígbà tí obìnrin náà ká ìró rẹ̀ sókè, mo yíjú sí ògiri. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀sìn mi ni. Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé obìnrin kì í wo ìhòòhò obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe Ọlọ́run ló yí mi lọ́rùn padà. Ìríra ni. Mo mú ẹ̀sìn mi, tó mọ́, mo fi bo ìríra náà kí n má baà rí i.

“Ìyá Àdínì kékeré,” obìnrin náà sọ lẹ́yìn mi, “ṣé ẹ̀yìn orí ni wọ́n fi ń wo nǹkan ní ilé kéú tìrẹ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo gbọ́ ìró aṣọ, mo gbọ́ ìró omi nínú ike, ó ní òun ti ṣe tán. Mo fi tíṣù gba ike náà létí bí ẹni tó mú eku tó ti kú. Bébà sọ pé ó mọ́. Mo fọwọ́ sí i pé mo fi ojú mi rí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Sátidé kejì. Èmi àti ògiri, òun àti ike. Ó bi mí lọ́jọ́ náà bóyá ògiri ti ń dá mi lóhùn. Ó mọ́. Mo fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì pé òun ti ń di aṣọ kan fún ọmọ òun, èyí tí yóò wọ̀ padà wálé. Aṣọ náà ló máa ń mú dání, òun ló máa ń dì bó bá ń retí kí wọ́n pè é. Ó ku Sátidé kan.

Obìnrin tó máa ń gbá ilé ìtọ́jú náà kò wá lọ́jọ́ Sátidé kejì yẹn. Nígbà tí gbogbo aláìsàn ti lọ tán, olùkọ́ ní kí n lọ da agbọ̀n ìdọ̀tí ilé ìtọ̀ nù. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Mo na apá gbé agbọ̀n náà jìnnà sí ara, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń mí láti ẹnu. Ìdí rẹ̀ ti ya. Kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òwú, tíṣù tó ti rin, àwọn ohun tí obìnrin máa ń wé kó tó jù nù. Mo ní láti bẹ̀rẹ̀ ṣà wọ́n. Níbi tí mo ti ń ṣà wọ́n ni ọwọ́ mi ti kan ọ̀rá kan.

Ọ̀rá kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Wọ́n ti fi eyín ya ìdí rẹ̀, ìtọ̀ díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ojú mi lẹ̀ mọ́. Wọn ò ta á ní kókó bí gbogbo ayé ṣe ń ta ọ̀rá. Ìko ni wọ́n fi dì í.

Ẹni tí kò bá dàgbà nílé oníko lè má mọ ohun tí mo rí. Kí aṣọ funfun tó wọ inú aró, wọ́n á fi ìko so ó ní kókó kéékèèké káàkiri. Ibi tí ìko bá ti fún un, aró kò ní débẹ̀, ibẹ̀ ni yóò funfun. Bí aṣọ bá gbẹ tán, àwa ọmọdé ni wọ́n máa ń fún ní abẹ kí a fi tú u, a kò sì gbọdọ̀ gé aṣọ. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi tú ìko. Ọwọ́ oníko kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ bí ìfọwọ́kọ̀wé ṣe yàtọ̀. Ìyá mi máa ń fi ìdí ìko pamọ́ sábẹ́. Ẹni tó di ọ̀rá yìí yí ìko lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó fà á gba abẹ́, ó fi ìrù kékeré kan sílẹ̀. Mo ti rí irú ìdì yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, lórí bẹ́ǹṣì, lára aṣọ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò sí oníko tó máa ronú pé ẹnikẹ́ni lè mọ òun nípa rẹ̀. Ọwọ́ ló kàn ṣe é, bó ṣe máa ń ṣe é.

Mo dúró ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọ̀rá ìtọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń rí mi lára kì í ṣe ìtọ̀ mọ́. Ẹ̀rí èké ni mo jẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú orúkọ mi nísàlẹ̀. Àfáà tó kọ́ mi ní kéú máa ń fẹ̀yìn ti ògiri bó bá ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá fún wa, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ẹ̀rí èké, a kúrò lára ògiri, a jókòó gangan kó tó sọ ọ́. Mo ṣe àlùwàlá fún ìrun Àílà, mo tún un ṣe, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, òórùn náà ṣì ń bọ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá láti ọwọ́ mi ni tàbí láti inú.

Ní ọjọ́ Ajé mo lọ bá a. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, aṣọ lórí ẹsẹ̀, ọ̀kadà ń kọjá bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí orúnkún rẹ̀. Báàkẹ́tì omi sódà tí wọ́n fi ń po aró wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò ní ìdérí. Omi yẹn a máa bó ara. Ìgò sóbò kan wà lẹ́yìn àpótí rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó. Mi ò ní láti ṣí i. Mo ti kọ́ òórùn rẹ̀ ní kíláàsì.

Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Mo tú bébà tí mo fi wé ọ̀rá náà, mo gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ta ló ni ín, ẹ̀gbọ́n?”

Kò dáwọ́ dúró. Ó yí ìko lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó fà á gba abẹ́, ó fi eyín gé e.

“Ọmọ mi.”

Ó wá sọ ọ́ fún mi láìgbójú sókè. Ilé kéú tí ọmọ náà ń lọ ní Sátidé kò jìnnà sí yàrá ìyá rẹ̀ yìí, ó sì máa ń yà kí ìyá rẹ̀ kó tó lọ. Òun ló ní kó tọ̀ sínú ọ̀rá fún òun. Ọmọ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní òun ni yóò jẹ́ kí àwọn méjèèjì padà sọ́dọ̀ ara wọn. Ní Sátidé kejì, kò sọ fún ọmọ náà mọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti há ìtọ̀ náà mọ́ra láti ìgbà tó ti jí ní Kemta, ó ń fi ẹsẹ̀ ti ẹsẹ̀ rìn bọ̀, kó lè pọ̀ dáadáa fún Mọ́mì rẹ̀.

Mo ti gbóòórùn ìgò márùn-ún, mo ti ṣa ìdọ̀tí nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí mi lára tó ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní láti jẹ́ pé ó hàn lójú mi.

“Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn,” ó ní. “Ta ló ń wo ògiri? Àwa méjèèjì la jọ ṣe é.”

Nígbà náà ló gbé aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀. Ó jù mí lọ, kò sì tíì fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀ rí.

“Sátidé kan ló kù,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọjú sí ògiri lẹ́ẹ̀kan péré sí i.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ kò ní padà, ilé ẹ̀kọ́ sì lè lé mi, kí n wá padà lọ bá àwọn ìyá àsàlátù tó ṣàdúà lé mi lórí, kí n sọ fún wọn pé irọ́ ni mo lọ pa. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ yóò padà sí yàrá tí báàkẹ́tì sódà wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí ìgò wà lábẹ́ aṣọ. Mo ń rí i bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ ti ẹsẹ̀ rìn. Mi ò lè jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo sọ ọ́ fún olùkọ́, gbogbo rẹ̀. Mo rò pé obìnrin náà ni yóò kọ́kọ́ bínú sí. Kò bi mí nípa rẹ̀ rárá. Ó fa fọ́ọ̀mù méjèèjì jáde, ó tẹ́ wọn síwájú mi.

“Ní Sátidé méjì yìí, kí lo rí?”

“Ògiri, mà.”

“Kọ ọ́ síbẹ̀.”

Mo fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: Ògiri ni mo rí. Mo fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù méjèèjì ṣì wà nílé ìtọ́jú náà títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ kà wọ́n. Ó ní òun yóò sọ fún ilé ẹ̀kọ́, ìdánrawò mi yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́. Ó ní kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, kí n lọ fọ ilé ìtọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá ìyá ọkọ náà, ó sọ fún un pé Sátidé méjì tó kọjá kò dúró, pé ọ̀dọ̀ wa ni àṣìṣe ti wá, àti pé kó máa mú ọmọ lọ sí kéú fúnra rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá, kò sọ ọ́ fún un. Ó ní ìyá ọmọ ló ni ín láti sọ.

Mo rò pé obìnrin náà kò ní wá ní Sátidé kẹta. Ó wá. Kò mú aṣọ dání, kò bá ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, mo wọ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, mo bá a wọlé. Ilẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí mo ti fọ̀ ọ́ tó. Ó ká ìró rẹ̀ sókè.

“Ṣé ò ń wò ó?”

“Mò ń wò ó, ẹ̀gbọ́n.”

Ó rí mi lára. N ò ní sọ pé kò rí mi lára. Ara itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ìtọ̀ náà dúdú, ó ń já, ó tún ń dà, díẹ̀ ta sí ọwọ́ mi. Ike náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti inú ìbọ̀wọ́, bí ohun tó ní ẹ̀mí. Àwa méjèèjì mọ ohun tí bébà yóò sọ kó tó sọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i pé mo fi ojú mi rí i. Mo rí i lóòótọ́.

Nígbà tí a jáde síta, ìyá ọkọ rẹ̀ àti ọmọ náà ti wà lẹ́nu géètì. Ọ̀nà kéú wọn gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ náà so ìbòrí funfun, ó gbé wàláà rẹ̀ há abíyá. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni kí i.

“Mọ́mì, ṣé ó mọ́?”

Mo fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá rẹ̀ lọ bá a, ó lóṣòó síwájú rẹ̀.

“Kò mọ́.”

Ọmọ náà ronú sí i. “Ṣé tiyín ni?”

“Tèmi ni.”

Ìyá ọkọ wo ọmọ, ó wo ìyá ọmọ, ó wo èmi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e, mo sì rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e, nítorí ìrísí ojú náà ni èmi náà ti gbé lọ sí Ìtòkú lọ́jọ́ Ajé. Ó na ìka mẹ́ta sókè bíi ti ọjọ́ ìpàdé, ó di ọwọ́ ọmọ mú, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà kéú.

Ó lé ní oṣù márùn-ún kí ìka mẹ́ta yẹn tó pé. Ìgbà méjì ló fọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti mọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí pé mo ń tún ìdánrawò mi ṣe, èmi ni mo bá a wọlé ní gbogbo Sátidé náà, ojú mi ló sì rí gbogbo rẹ̀, alihamudulilahi. Ní èyí tó gbẹ̀yìn, ó mú aṣọ ọmọ náà wá nínú ọ̀rá, ó ti rẹ ẹ́ sínú aró, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n kò tíì tú u. Ó fún mi ní abẹ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èmi ní apá kan, òun ní apá kejì, à ń tú ìko. Mo rọra ṣe é kí n má baà gé aṣọ. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún bílíìsì.